Orí rélùwéè dísẹ́ẹ̀lì tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń bọ̀ ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé: kí la kọ́kọ́ ṣe sí i?

Ayọ̀_Ojúrin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Orí rélùwéè dísẹ́ẹ̀lì kan ni ìbéèrè yìí dá lé, irú èyí tí ẹ́ńjìnnì ń yí jẹnẹrétọ̀, tí iná jẹnẹrétọ̀ sì ń yí àwọn mọ́tọ̀ tó wà lára ọ̀pá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 645 ti ilé iṣẹ́ EMD ní Amẹ́ríkà, oní-sìlíńdà 16, ló wà nínú rẹ̀, ó sì ti dúró síta fún ọdún mẹ́fà. Àwọn kan ní kí wọ́n gbé bátìrì sí i, kí wọ́n tan án wò bóyá ó ṣì wà láàyè. Àwọn kan ní ọ̀dà ló yẹ kó ṣíwájú, kí àlejò lè rí nǹkan gidi wò. Èwo ni ká tẹ̀ lé?

Bàbá_Kíránkì

Ẹ má tẹ̀ lé ìkankan nínú méjèèjì. Ẹni tó bá tẹ súwíìṣì lórí ẹ́ńjìnnì yẹn báyìí lè fọ́ ọ kó tó mí lẹ́ẹ̀kan. Òjò ń gba ẹnu èéfín wọlé. Rọ́bà àti gáskẹ́ẹ̀tì tó ń dí omi lára láínà (ògiri inú sìlíńdà) ń gbẹ, wọ́n sì ń jò. Omi á wá jókòó sórí písítìn. Afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀, omi kò ṣeé fún. Bí písítìn bá gòkè lọ bá omi, kọ́nírọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so písítìn mọ́ kíránkì) á tẹ̀ tàbí kí ẹ́ẹ̀dì (orí sìlíńdà) là.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Ẹ yọ orí wáyà bátìrì kúrò pátápátá, ẹ so káàdì mọ́ ọn pé kí ẹnikẹ́ni má dá a padà. Ẹ ṣí táàpù ìdánwò tó wà lára sìlíńdà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìndínlógún ni wọ́n, ẹ má fo ìkankan. Ẹ ti irin ìyíkíránkì bọ ihò tó wà ní etí fúláìwíìlì, ẹ fọwọ́ yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. EMD 567 àti 645 jẹ́ two-stroke (písítìn ń parí iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìyípo kan), ìyípo kan ti tó kí gbogbo písítìn dé òkè, àmọ́ ẹ ṣe é ní méjì kí ọkàn yín balẹ̀. Four-stroke (tó ń gba ìyípo méjì) bíi ẹ́ńjìnnì Alco 251, méjì gan-an ló kéré jù. Kí ẹnì kan dúró ti àwọn táàpù kó máa wò. Sìlíńdà tí omi bá ti tú jáde, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà.

Tó bá kọ̀ tí kò yí, ẹ má wá páìpù gígùn ti irin náà lẹ́yìn. Ọ́ìlì tó ń yára wọnú ni kí ẹ gba ojú ihò ínjẹ́tọ̀ dà sórí písítìn. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí ẹ tó tún dán an wò, síwájú díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀.

Ohun kan mú EMD rọrùn láti yẹ̀ wò. Ẹ ṣí àwọn ìdérí air box (àpótí afẹ́fẹ́) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí àwọn ihò tó yí láínà ká. Ẹ ó rí ara písítìn àti ríǹgì láì tú nǹkan kan. Ríǹgì tó dára ń dán, ó sì máa ń rọ̀ wọlé díẹ̀ bí ẹ bá fi igi tín-ín-rín tẹ̀ ẹ́, á tún padà síta. Èyí tó ti lẹ̀ mọ́ ojú ihò rẹ̀ kò ní mì rárá. Bí ẹ bá rí ìlà ìpẹtà tó ṣàn láti òkè wá sísàlẹ̀ lára láínà, omi ló gbabẹ̀ kọjá, kódà bí ibẹ̀ ti gbẹ lónìí.

Ẹ má gbàgbé sọ́ǹpù, àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì. Ìsàlẹ̀ ọ́ìlì ni omi ń sùn, nítorí náà ọ̀pá ìwọ̀n kò lè sọ òótọ́ fún yín. Ẹ tú díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ pátápátá sínú ìgò, ẹ jẹ́ kó dúró mọ́jú. Bí ó bá di funfun bí wàrà tàbí tí omi yà sọ́tọ̀ nísàlẹ̀, ẹ má tíì ronú títan án.

Ṣọ́ńtà08

Ó yé mi. Àmọ́ lẹ́yìn tí gbogbo ìyẹn bá ti dára, ṣé kò yẹ kí wọ́n máa tan án fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lóṣooṣù kó má baà le gan? Ohun tí àwọn èèyàn máa ń sọ nìyẹn.

Bàbá_Kíránkì

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn gan-an ló ń pa á. Bí dísẹ́ẹ̀lì bá ń jó, omi wà lára ohun tó ń bí. Nínú ẹ́ńjìnnì tó gbóná, omi yẹn á bá èéfín lọ. Nínú èyí tó tutù, á di ìrì lára irin, á dà pọ̀ mọ́ ẹ̀gbin jíjó, á di ásíìdì nínú ọ́ìlì. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò tó láti mú irin tó ju tọ́ọ̀nù 15 lọ gbóná. Ẹ ti bí omi sínú rẹ̀ nìyẹn, ẹ sì ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Dísẹ́ẹ̀lì tí kò jó tán tún ń fọ ọ́ìlì kúrò lára láínà.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́ lọ láìfa ẹrù fún wákàtí púpọ̀, ọ́ìlì á kó jọ sínú páìpù èéfín. Ọjọ́ tí wọ́n bá di ẹrù rù ú lójijì, iná á jáde láti ẹnu èéfín. Àwọn àlejò á pàtẹ́wọ́. Ẹni tó mọ nǹkan á sáré wá ẹ̀rọ ìpaná.

Ẹ̀ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún sàn ju ẹ̀ẹ̀méjìlá lọ, bí ẹ bá jẹ́ kí omi inú rẹ̀ kọjá 70°C, tí ẹ sì fún un ní ẹrù fún bíi wákàtí kan. Bí orí rélùwéè náà bá ní dynamic brake (bíréèkì oníná) tí wọ́n ti ṣètò fún self-load (kí ó di ẹrù fún ara rẹ̀), iná lè lọ sínú àwọn grid rẹ̀ (irin tó ń sọ iná di ooru) láì jẹ́ pé ọkọ̀ rìn rárá. Bí ẹ kò bá lè ṣe èyí, ẹ fi ọ́ìlì adènà ìpẹtà sínú rẹ̀, ẹ dí ẹnu rẹ̀, kí ẹ má tan án mọ́.

Ìyá_Àkójọ

Ẹ ṣé o, Bàbá. Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn ló yẹ kó jẹ́ àkọ́kọ́. Kí ẹnikẹ́ni tó mú sípánà, ẹ pinnu bóyá èyí yóò máa rìn tàbí yóò dúró gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, wọn kì í lo ọ̀nà kan náà. Ti èyí tó ń rìn, wáyà àtijọ́ á kúrò, ìjókòó á yí padà, ohun ààbò tuntun á wọlé. Ti èyí tó jẹ́ ẹ̀rí, ìpára tó wà lára ọwọ́ ìdarí, níbi tí ọwọ́ àwọn awakọ̀ ti fọ ọ̀dà títí bàbà fi yọ, ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni òun náà. Ẹ kò gbọdọ̀ fi sáńpépà kàn án. Riga Charter, ìwé ìlànà tí FEDECRAIL (àjọ àwọn rélùwéè àtijọ́ ní Yúróòpù) gbà ní 2005, sọ̀rọ̀ lórí èyí dáadáa: iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì ṣeé mú kúrò bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó.

Kí wọ́n tó fọ̀ ọ́ pàápàá, ẹ ya fọ́tò gbogbo inú àpótí iná, ilẹ̀kùn kan tẹ̀ lé òmíràn, kí nọ́ńbà orí wáyà hàn ketekete. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára ẹ́ńjìnnì, jẹnẹrétọ̀ àti mọ́tọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ó wọ́pọ̀ kí wọ́n ti pààrọ̀ wọn láti ara ọkọ̀ mìíràn. Ẹ̀gbin tó wà nílẹ̀ yàrá awakọ̀ pẹ̀lú, ẹ wò ó kí ẹ tó gbá a. Bébà iṣẹ́ àti káàdì ìtọ́jú máa ń sùn sẹ́yìn ìjókòó.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní dísẹ́ẹ̀lì kò tíì dàgbà tó ohun tí à ń fara balẹ̀ fún báyìí. Irú èrò bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kí orí rélùwéè nọ́ńbà 10000 àti 10001 ti LMS, ilé iṣẹ́ rélùwéè kan ní Bírítéènì, parun. 1947 ni wọ́n gbé 10000 jáde, òun àti èkejì rẹ̀ sì ni dísẹ́ẹ̀lì oníná àkọ́kọ́ fún ojú irin ńlá ní Bírítéènì. Nígbà tí 1968 fi máa parí, wọ́n ti gé méjèèjì tà. Ojú gbogbo èèyàn wà lára ẹ̀rọ oníná-èédú nígbà yẹn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe dáadáa díẹ̀: orí rélùwéè CNJ 1000 ti 1925 wà ní mùsíọ́mù rélùwéè B&O ní Baltimore, EMD 103 ti 1939 sì wà ní St. Louis.

Ọlọ́dà

Ìyá, mo gbà pẹ̀lú yín lórí ọwọ́ ìdarí, àmọ́ ara ìta kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Irin tó ń jẹra kò mọ̀ pé ẹ̀rí lòun. Ibi tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ wò kò sì sí lójú ọ̀nà àlejò: òrùlé. Ẹ gun òkè, ẹ wo ìtẹ́ radiétọ̀, ẹnu èéfín, àti gbogbo ojú ìsopọ̀ ìdérí. Lẹ́yìn náà ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ fi wáyà líle tú àwọn ihò kéékèèké tó wà nísàlẹ̀ ìlẹ̀kùn àti ògiri. Ihò ìṣàn-omi ni wọ́n, ewé àti ìdọ̀tí ló sì sábà máa ń dí wọn. Ògiri tó bá ti wú síta níwọ̀n ọwọ́ kan sókè ilẹ̀, láti inú ló ti ń jẹra. Bí ẹ bá kun ìta lọ́dà láì tú ihò, ẹ wọ ẹ̀wù tuntun sórí egbò ni.

Lórí ọ̀dà fúnra rẹ̀. Ẹ gbà pé òjé wà nínú rẹ̀ títí àyẹ̀wò yóò fi sọ pé kò sí. Ẹ má ha á ní gbígbẹ, ẹ má sì fi iná jó o. Sáńpépà olómi, ìbòjú P3 (tó ń dènà eruku kéékèèké), aṣọ tí kò ní bá yín lọ sílé. Ẹ wá ibì kan tí òòrùn kò dé, bí abẹ́ pátákó nọ́ńbà, ẹ fi sáńpépà múlọ́múlọ́ ha ojú kan tó tó àtẹ́lẹwọ́ ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé, títí irin á fi yọ láàárín. Á rí bí òrùka inú igi tí wọ́n gé: ọ̀dà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ti kùn ún á hàn ní etí rẹ̀. Ẹ bá a mu pẹ̀lú káàdì àwọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ sì fi ojú yẹn sílẹ̀ láì kùn ún mọ́. Lẹ́tà àti àmì, bébà tó mọ́lẹ̀ gàrà ni kí ẹ fi tọ ipasẹ̀ wọn kí ọ̀dà tó kúrò.

Fífi iyanrìn fọ́n irin kì í ṣe ohun tí ẹ óò ṣe nígbà tí mọ́tọ̀ ṣì wà lábẹ́ ọkọ̀. Iyanrìn á wọ bíárìn àti kọ́ìlì, kò ní jáde mọ́.

Wáyà72

Ọlọ́dà ti kan ilẹ̀kùn mi. Ẹ má fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpúrẹ́sọ̀ fẹ́ inú mọ́tọ̀ pẹ̀lú. Eruku kábọ́ọ̀nù tó dúdú wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ yẹn ń gbé iná. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ tì í sínú kọ́ìlì ni. Fákúùmù àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni kí ẹ lò.

Lẹ́yìn náà ni megger, ẹ̀rọ tí a fi ń wò bóyá iná ń jò láti ara wáyà. 500 V ti tó fún ẹ̀rọ tó ti dàgbà. Kí ẹ tó lò ó, ẹ yọ ground relay (ohun tó ń ṣọ́ iná tó bá jò sára irin) kúrò lójú ọ̀nà, ẹ fa gbogbo káàdì ẹlẹ́kítíróníìkì jáde, ẹ sì so ẹsẹ̀ àwọn dáyóòdù alternator pọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó jó wọn. Òfin àtijọ́ tó ṣì wúlò: megohm 1 fún kilovolt kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tún fi megohm 1 kún un. Mọ́tọ̀ 600 V gbọ́dọ̀ fún yín ní 1.6 ó kéré tán. Ẹ kọ ìwọ̀n ooru sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, torí bí ooru bá fi 10°C lé sí i, nọ́ńbà yẹn lè já sí ìdajì.

Bí ó bá kéré, ọ̀rinrin ló sábà jẹ́. Ẹ fi atẹ́gùn gbígbóná díẹ̀díẹ̀ sí i, kí ó má kọjá 80°C, kí ẹ sì fi ojú kan sílẹ̀ kí omi lè rí ọ̀nà jáde. Ẹ má bẹ̀rù bí nọ́ńbà bá kọ́kọ́ lọ sílẹ̀. Ọ̀rinrin inú kọ́ìlì ló ń rìn bọ̀ síta. Lẹ́yìn náà á máa gòkè. Bí ó bá dúró lójú kan fún wákàtí púpọ̀, ó ti gbẹ. Bí kò bá gòkè rárá, wáyà ló ti bàjẹ́.

Lórí kọ́míútétọ̀ (òrùka bàbà tí kábọ́ọ̀nù mọ́tọ̀ ń kàn): sáńpépà onígíláàsì tàbí òkúta rẹ̀ nìkan, emery rárá. Ẹrúnrún emery le, ó ń gún inú bàbà, ó sì lè so ojú méjì pọ̀. Bí mọ́tọ̀ kò bá ní yí fún ìgbà pípẹ́, ẹ gbé kábọ́ọ̀nù sókè tàbí kí ẹ fi bébà gbígbẹ sáàárín. Ọ̀rinrin tó há sábẹ́ kábọ́ọ̀nù á ya àpá rẹ̀ sára bàbà, àpá yẹn á sì máa tá iná lọ́jọ́ tí ẹ bá lò ó.

Ohun kan ṣì kù. Bí wẹ́ẹ́dà bá fẹ́ jó irin níbikíbi lára ọkọ̀, kí ó so wáyà ìpadàbọ̀ mọ́ ẹ̀bá ibi tó ń jó gan-an. Bí ó bá so ó mọ́ ojú irin, iná á gba inú bíárìn ẹsẹ̀ kọjá, á sì fi ihò wẹ́wẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Asbestos ńkọ́? Ẹ retí rẹ̀ nínú arc chute (àpótí tó ń pa iná tó bá tá) ti contactor (súwíìṣì ńlá), lára aṣọ tí wọ́n fi di páìpù èéfín, àti nínú gáskẹ́ẹ̀tì. Ẹ má fà á ya. Ẹ ké sí àwọn tó ní ìwé àṣẹ.

Ayọ̀_Ojúrin

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mo ti dá àwọn tó ní kí a tan án dúró. Wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ fà á wọ inú gbọ̀ngàn lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ṣé ewu wà níbẹ̀? Kí ni ká sì ṣe nípa bátìrì àti ọ́ìlì?

Ṣọ́ńtà08

Ọ̀rọ̀ fífà, tèmi nìyẹn. Ẹ fi reverser (ọwọ́ tó ń yan iwájú tàbí ẹ̀yìn) sáàárín, ẹ yọ ọwọ́ rẹ̀, kí ẹ sì fojú rí i pé gbogbo contactor mọ́tọ̀ ṣí. Bí ìkankan bá ti lẹ̀ pọ̀, mọ́tọ̀ lè di jẹnẹrétọ̀ bí ẹsẹ̀ ti ń yí. Lórí bíréèkì afẹ́fẹ́ irú 26L, ẹ ṣí dead engine cock (táàpù fún ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú) kí páìpù bíréèkì lè fún táńkì afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní atẹ́gùn, ẹ gé fáàfù awakọ̀ kúrò, kí ẹ sì tú bíréèkì ọwọ́. Ẹ fi òòlù lu bàtà bíréèkì kọ̀ọ̀kan. Èyí tó ti lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ á dún bòm, á sì wọ́ ẹsẹ̀ títí ojú kan á fi pẹlẹbẹ.

Bíárìn tí mọ́tọ̀ fi jókòó lórí ọ̀pá ẹsẹ̀, bí ó bá jẹ́ ti àtijọ́ tó ní òwú, òwú yẹn ti gbẹ. Ẹ tú omi inú àpótí rẹ̀ dànù, ẹ fi ọ́ìlì rin òwú náà, kí ẹ sì dúró lẹ́yìn mítà díẹ̀ kí ẹ yẹ ooru wò. Ti diesel-hydraulic (tó ń fi ọ́ìlì gbé agbára dípò iná) bíi V 200 ti Jámánì tún yàtọ̀: gearbox gbọ́dọ̀ wà ní neutral, torí níbi tó bá jẹ́ ẹ́ńjìnnì ló ń yí pọ́ǹpù ọ́ìlì rẹ̀, gíà á máa yí ní gbígbẹ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ti kú.

Nígbà tó bá dé inú gbọ̀ngàn tán, ẹ máa sún un ní ìdajì ìyípo ẹsẹ̀ ní oṣù mélòó kan sí ara wọn. Bíárìn tó dúró lójú kan fún ọdún, ìpẹtà á yàwòrán róólà sí i lára.

Wáyà72

Bátìrì: ẹ gbé e jáde. Ti Amẹ́ríkà sábà jẹ́ sẹ́ẹ̀lì 32, 64 V. Púpọ̀ nínú ti Bírítéènì jẹ́ sẹ́ẹ̀lì 48. Bátìrì ásíìdì tí ẹ bá fi sílẹ̀ láìsí iná á yìgì, kò ní gbà á mọ́. Tí ẹ bá fẹ́ lò ó, kó wà lórí ẹ̀rọ tó ń bọ́ ọ díẹ̀díẹ̀, bíi 2.2 V fún sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, níbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, torí gáàsì tó ń jáde níbẹ̀ ń bú gbàù. Ẹ fi omi sódà fọ àpótí rẹ̀ kí ásíìdì kú. Bí ó bá jẹ́ nickel, ẹ má lo hydrometer (ohun tí a fi ń wọn omi bátìrì) tàbí fọ́nẹ́ẹ̀lì tó ti kan ásíìdì fún un láé.

Bàbá_Kíránkì

Ọ́ìlì ni ọ̀fìn tí wọ́n máa ń jìn sí. Nínú EMD 567 àti 645, wọ́n fi fàdákà bo bíárìn tó wà lábẹ́ orí písítìn. Zinc inú ọ̀pọ̀ ọ́ìlì tírélà ń jẹ fàdákà yẹn. Ọ́ìlì rélùwéè tí kò ní zinc nìkan ni kí ẹ rà, kí ẹ sì mọ̀ pé orí rélùwéè EMD SD40-2 kan ń gbà tó lítà 900, torí náà ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. Kí wọ́n tó tan án rárá, pọ́ǹpù ìta ni kí ẹ fi ti ọ́ìlì wọ inú rẹ̀ títí á fi máa kán láti gbogbo rọ́kà (apá tó ń ṣí fáàfù) lókè.

Ohun èlò kò ní nira fún yín. 645 wọ́pọ̀, kódà písítìn àti láínà rẹ̀ ń wọ inú 567C. Ẹ fi wé ti orí rélùwéè Deltic ní Bírítéènì: 22 ni wọ́n ṣe, mẹ́fà ló kù, ẹ́ńjìnnì Napier méjì nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, písítìn 36 nínú ẹ́ńjìnnì kan. Àwọn yẹn ń wá ohun èlò bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn.

Táńkì dísẹ́ẹ̀lì: bí kò bá ní rìn mọ́, ẹ fà á gbẹ, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ lé èéfín rẹ̀ jáde. Bí yóò bá rìn, ẹ jẹ́ kó kún, kí àyè ìrì má sí. Kòkòrò ń gbé níbi tí omi àti dísẹ́ẹ̀lì ti pàdé, ó ń di ẹrẹ̀ dúdú tó ń yọ̀, tó ń dí fílítà.

Ìyá_Àkójọ

Nípa gbọ̀ngàn: ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ kó wà ní ìsàlẹ̀ 50%. Láti bíi 60% lọ sókè, ìpẹtà ń sáré. Ẹ má sì ṣí ilẹ̀kùn ńlá gbayawu lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóná lẹ́yìn òtútù. Irin ńlá kì í yára gbóná, afẹ́fẹ́ tó ní ọ̀rinrin á kàn án, omi á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti inú àpótí iná. Tapólì tí wọ́n so mọ́ ara rẹ̀ pinpin burú ju òjò lọ, torí òjò ń gbẹ.

Ayọ̀_Ojúrin

Ìbéèrè kan péré ló kù. Ní ẹsẹ̀ páìpù radiétọ̀, nǹkan kan wà tó gbẹ síbẹ̀ bí iyọ̀, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Ṣé kí wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ha á kúrò?

Bàbá_Kíránkì

Rárá o! Kí ẹnikẹ́ni má ha á ní gbígbẹ. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ chromate, oògùn tí wọ́n ń fi sínú omi ẹ́ńjìnnì láyé àtijọ́ kí inú rẹ̀ má dípẹtà. Ìyẹ̀fun rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ bí èèyàn bá mí in sínú. Ẹ fi ọ̀rá bò ó, ẹ gbé èyí tó kéré lọ fún àyẹ̀wò. Omi tó ṣẹ́kù nínú radiétọ̀, inú kẹ́ẹ̀gì tí ẹ kọ nǹkan sí lára ni kí ẹ tú u sí, kó má kan gọ́tà. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ìbòjú P3, aṣọ títutù ni kí ẹ fi nù ún, kí aṣọ náà sì bá kẹ́ẹ̀gì yẹn lọ.